Wúrà ẹnì kan ò lè gbé wa dé Thomas Cup

Nígbàkúùgbà tí Àánúolúwapọ̀ Ọpẹ́yọrí, ọmọ Nàìjíríà wa, bá gba wúrà nínú ìdíje badminton ilẹ̀ Áfíríkà, ará àdúgbò mi á mọ̀. Màá pe àbúrò mi lórí fóònù, màá gbé fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp, màá máa sọ fún ẹni tí ò tiẹ̀ bi mí pé ọmọ wa ti tún ṣe é. Ó gba wúrà ẹlẹ́nìkan, ìyẹn ẹnì kan sí ẹnì kan, ní Port Harcourt lọ́dún 2019, nílé níbí, lójú wa. Ó sì ti tún gbà á lẹ́yìn ìgbà náà, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Òun àti Godwin Olofua jọ gbá ẹlẹ́ni-méjì, ìyẹn ẹni méjì sí ẹni méjì, ní Òlíńpíìkì Tokyo, òun nìkan ló gbá ẹlẹ́nìkan fún wa ní Paris lọ́dún 2024. Ọmọ tó yẹ ká gbé gẹ̀gẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Apá méjì ni ìdíje Áfíríkà yìí ní. Ọ̀kan ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ń wá ti orúkọ ara rẹ̀. Èkejì ni ti ẹgbẹ́, orílẹ̀-èdè kojú orílẹ̀-èdè. Èkejì yìí la kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lọ̀nà tó lọ sí ìdíje àgbáyé ti ẹgbẹ́: Thomas Cup fún àwọn ọkùnrin àti Uber Cup fún àwọn obìnrin. Ta ló ń lọ sí Thomas Cup láti Áfíríkà? Lọ́dún 2018, Algeria ni. 2020, Algeria. 2022, Algeria. 2024, Algeria náà ni. Àwa tí a ní ẹni tó ń kó wúrà ẹlẹ́nìkan bọ̀ wálé, orí tẹlifíṣọ̀n la ti ń wò wọ́n.

Ẹni tí ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a lè rò pé wọ́n rẹ́ wa jẹ. Rárá o. Ìgbà márùn-ún ni ẹgbẹ́ ọkùnrin méjì ń kojú ara wọn: ẹlẹ́nìkan mẹ́ta, ẹlẹ́ni-méjì méjì. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí nínú mẹ́ta ló ni ọjọ́ náà. Bó ti wù kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n gbá tó, ẹlẹ́nìkan kan àti ẹlẹ́ni-méjì kan ni wọ́n máa gbà fún un. Ká ní ó borí nínú méjèèjì, ta ni yóò mú ẹ̀kẹta wá? Kò pọn dandan kí Algeria lu Ọpẹ́yọrí. Tí wọ́n bá ti mú mẹ́ta tó kù, ó parí nìyẹn.

Kì í ṣe pé a ò débẹ̀ rí o. A wà ní Kuala Lumpur lọ́dún 2010, wọ́n kó wa pọ̀ mọ́ Malaysia àti Japan. A tún wà ní New Delhi lọ́dún 2014, Indonesia, Thailand àti Singapore la bá pàdé. Wọ́n nà wá níbẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti gba shuttle, ohun tí a ń fi ráákẹ́ẹ̀tì gbá yẹn, lọ́wọ́ ará Indonesia lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹ̀, ojú ẹ̀ á là yàtọ̀.

Àwọn obìnrin Uganda wá fi hàn mí lọ́dún 2024 pé ohun tí mò ń sọ kì í ṣe àlá. Wọ́n gba ti ẹgbẹ́ obìnrin ní Áfíríkà, wọ́n sì bọ́ sí Uber Cup ní Chengdu, pẹ̀lú Japan, Indonesia àti Hong Kong. Uganda! Inú mi dùn sí wọn bíi pé ọmọ ìyá mi ni wọ́n, ojú sì tún ń tì mí.

Mo máa ń gbá badminton nírọ̀lẹ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Abẹ́òkúta. Ọmọ méjì wà níbẹ̀ tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wa ń kọ́ ní ẹlẹ́ni-méjì. Lọ́sẹ̀ kìíní, ráákẹ́ẹ̀tì wọn ń kọlu ara wọn ni, kò! kò! Bí shuttle bá bọ́ sí àárín, àwọn méjèèjì á sá sí i, tàbí kí àwọn méjèèjì dúró kí wọ́n máa wo ara wọn. Ó gbà wọ́n lóṣù márùn-ún kí èyí tó wà lẹ́yìn tó mọ ìgbà tí èyí tó wà níwájú máa yà fún un láìsọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn. Ẹlẹ́ni-méjì kì í ṣe ohun tí a máa ń so pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ìdíje. Ẹ yan wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ pọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ máa rìnrìn-àjò, kódà bí wọ́n bá ń fìdí rẹmi.

Ẹ má sì gbàgbé ọ̀rọ̀ shuttle. Èyí tí wọ́n fi ń gbá ìdíje, ìyẹ́ mẹ́rìndínlógún ló wà lára ẹ̀, kò sì wúwo tó gíráàmù mẹ́fà. Ìyẹ́ méjì péré kán, kò ní fò tààrà mọ́. Torí owó, oníke ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa fi ń kọ́ṣẹ́. Oníke kì í yára rẹlẹ̀ bí oníyẹ̀ẹ́, ibi tí ọmọ bá ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti dúró dè é kọ́ ni oníyẹ̀ẹ́ máa bọ́ sí. Ẹni kan lè rówó ra tirẹ̀. Ọmọ mẹ́wàá tí a fẹ́ fi ṣe ẹgbẹ́ ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ìpolówó ṣe ọ̀gbẹ́ni kan lóore, ẹ ṣeun, ẹ má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni kejì, ẹ wo ẹni kẹta, ẹ wo àwọn tó ń gbá ẹlẹ́ni-méjì.

Mo ra páálí shuttle oníyẹ̀ẹ́ kan fún àwọn ọmọ méjì yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Méjìlá ló wà nínú ẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ àná, ó ku mẹ́ta.