Sáyẹ́ǹsì kò wọn ẹ̀mí èèyàn

Àtẹ̀ránṣẹ́ kan ń tàn ká orí WhatsApp àwọn ará Ìbàdàn pé sáyẹ́ǹsì ti wọn ẹ̀mí, gíráàmù 21 ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà Duncan MacDougall ní Amẹ́ríkà ló wọn aláìsàn 6 tó wà lójú ikú, tó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1907. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi nǹkan bíi gíráàmù 21 fúyẹ́ sí i. MacDougall fúnra rẹ̀ da èsì ẹni 2 nù. Ti àwọn yòókù ò bára mu. Àwọn àgbà wa tó ní Olódùmarè ló ń mí ẹ̀mí sínú ara tí Ọbàtálá mọ ò bá ẹnikẹ́ni gbé òṣùwọ̀n. MacDougall tún wọn ajá 15, ó ní ìwọ̀n wọn ò yí padà. Ṣé ajá tó ń gbó ní Bódìjà ò lẹ́mìí ni?