Ọyẹ́ kọ́ ló ń pa adìẹ yín

Kí oṣù Kejìlá tó dé ìdajì ní Jos, ọyẹ́ á ti jẹ̀bi. "Ẹ kú ọ̀rọ̀ àwọn adìẹ yẹn o, Màmá Ṣadé, mo gbọ́ pé òtútù ti kó wọn lọ." "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ọyẹ́ ọdún yìí mà le o." Ọ̀rọ̀ parí. Kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ló dé tí gúúsì tó sùn sí gbangba ìta jí lọ́jọ́ kejì, tó ń na ọrùn lé àlejò kiri, tí pẹ́pẹ́yẹ náà ń ju ìdí nínú ẹrẹ̀, àmọ́ tó jẹ́ adìẹ tó sùn sínú ilé tí wọ́n fi tàpólì bò ló kú.

Àwọn tó ń sin ẹyẹ ní ìdáhùn sí i: ẹyẹ omi ni gúúsì àti pẹ́pẹ́yẹ, ara wọn gba òtútù, ti adìẹ ò gbà á. Látọ̀dọ̀ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí bàbá wọn ti ń tajà ní Jos kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí iṣẹ́ ìjọba gbé wá sí Abuja, kò sí Yorùbá Òkè Ọya tó ń sin adìẹ tí kò tíì gbọ́ ọ. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Irọ́ ni ṣá.

Ẹ jẹ́ ká wo òtútù yẹn fúnra rẹ̀. Lóru ọyẹ́, Jos lè tutù dé nǹkan bí 10°C, ìgbà míì ó lè lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Kaduna àti Kano kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, ti Abuja ò sì le rárá. Àwa èèyàn á wọ súẹ́tà, ètè wa á bẹ́. Ṣùgbọ́n ara adìẹ gbóná ju tiwa lọ, nǹkan bí 41 sí 42°C ni, ó sì ti wọ aṣọ tirẹ̀ sọ́rùn. Bí òtútù bá mú un, á fẹ ìyẹ́, á ká ẹsẹ̀ kan sókè, á ti orí bọ abẹ́ apá, ó parí. Ní Poland àti Kánádà, níbi tí omi ti ń dì gbagidi níta, àwọn èèyàn ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé nínú ilé tí wọn ò dáná sí, àwọn adìẹ náà sì ń rójú Ọdún Àjíǹde.

Pẹ́pẹ́yẹ ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ lágbàálá wa, tó ní ẹran pupa lójú, tí akọ rẹ̀ kì í ké ju kó máa mí fíìfíì lọ, Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó o wá, ilẹ̀ olóoru. Ilẹ̀ olóoru náà ni baba ńlá adìẹ ti wá, nínú igbó Éṣíà. Tó bá jẹ́ òtútù ló ń pa ẹyẹ, kí ló máa fi mú ọ̀kan tó máa fi èkejì sílẹ̀, nínú àgbàlá kan náà, lóru ọjọ́ kan náà?

Gúúsì nìkan lẹ lè bá mi jiyàn lé lórí. Ọmọ ilẹ̀ òtútù ni lóòótọ́. Ẹ mú un láàárọ̀ ọyẹ́ (ẹ fún apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ra kó má baà lù yín), kẹ́ ẹ fọwọ́ kan awọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀: ó tutù nini. Ẹ wá ti ìka bọ abẹ́ ìyẹ́ àyà rẹ̀: ó gbóná débi pé ọwọ́ yín ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sẹ́sẹ̀ àti èyí tó ń gbé e bọ̀ sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ẹ̀jẹ̀ gbígbóná tó ń sọ̀ kalẹ̀ á ti fún èyí tó ń gòkè ní ooru rẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀, kí ooru ara má baà ṣòfò sórí ilẹ̀ tútù. Iṣẹ́ Olúwa dára. Àmọ́ òtútù Jos ò tó ohun tó nílò gbogbo ìyẹn.

Ohun tó ń pa adìẹ yín ni lúkúlúkú. Newcastle ni àwọn dókítà ẹranko ń pè é, nítorí ìlú Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tó ti jà ní 1926. Ní Nàìjíríà, Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ ti wá, láàárín 1952 sí 1953. Ìbàdàn o, níbi tí èèyàn ti ń fi síńgílẹ́ẹ̀tì sùn! Fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹni tó bá ti rí i rí kò ní ṣì í mú. Adìẹ á dúró sí kọ̀rọ̀, á wú ìyẹ́, á dijú. Á máa la ẹnu mí. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí omi, á ní àwọ̀ ewé. Èyí tí kò bá tètè kú, ọrùn rẹ̀ á lọ́ débi tí á máa wo òkè; tó bá fẹ́ ṣá àgbàdo, ẹnu rẹ̀ á bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkà náà, á tún ṣá, á tún tàsé. Òtútù kì í lọ́ adìẹ lọ́rùn.

Fáírọ́ọ̀sì yìí kan náà ń wọ ara pẹ́pẹ́yẹ àti gúúsì, kì í kàn sábà ṣe wọ́n ní nǹkan ni. Irú rẹ̀ kan ti ń pa gúúsì ní Ṣáínà láti ìparí àwọn ọdún 1990, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ẹyẹ omi á gbé e sára, á máa ṣu ú sílẹ̀, á máa dà á pọ̀ mọ́ omi tí gbogbo wọn ń mu, ara tirẹ̀ á sì le koko. Nítorí náà, pé pẹ́pẹ́yẹ ò kú, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣe ẹ̀rí pé òtútù ni, òun gan-an ló yẹ kó jẹ́ kẹ́ ẹ fura sí lúkúlúkú.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Òótọ́ ni pé fáírọ́ọ̀sì náà ń pẹ́ láyé sí i nílẹ̀ tó bá tutù, eruku ọyẹ́ náà sì ń ha ọ̀nà ọ̀fun ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjà. Láti oṣù Kọkànlá, adìẹ, ẹtù àti tòlótòló ń rìnrìn àjò ju èèyàn lọ ní Òkè Ọya. Alágbàtà ń lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń kó méjì níhìn-ín, mẹ́ta lọ́hùn-ún, sínú agbọ̀n kan náà. Wọ́n á di í sórí mọ́tò, ó dọjà Jos, ó dọjà Kaduna, òmíràn dé Èkó. Ẹni tó bá sì rí i lábúlé pé ọ̀kan nínú adìẹ òun ti ń tòògbé, kí lẹ rò pé ó máa ṣe? Á yára ta ìyókù kí wọ́n tó di òkú. Èyí tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ yẹn nìyẹn, tẹ́ ẹ̀yin náà sì rà.

Ẹ ra àkùkọ ọdún ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí Kérésìmesì kó má baà wọ́n jù. Ẹ so ó lẹ́sẹ̀ mọ́ ìdí igi gúáfà, àwọn àgbébọ̀ yín ń bá a ṣá oúnjẹ, pẹ́pẹ́yẹ ń mu nínú omi rẹ̀. Lúkúlúkú máa ń farapamọ́ sára fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó yọjú, ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà ló wọ́pọ̀. Ẹ lè ti pa àkùkọ ọdún jẹ kẹ́ ẹ tó rí àmì kankan lára rẹ̀. Ọdún tuntun ni tiyín máa bẹ̀rẹ̀ sí í dojú bolẹ̀, lásìkò tí òtútù mú jù, ọyẹ́ á sì tún jẹ̀bi.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ìtọ́jú tí ìgbàgbọ́ yìí ń mú wá. Wọ́n á fi tàpólì àti àpò sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ojú ilé adìẹ, wọ́n á kó adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ àti gúúsì pọ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè fún ara wọn ní ooru, àwọn míì á tún gbé ìkòkò èédú sáàárín. Ẹ ṣílẹ̀kùn irú ilé bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́fà ìdájí. Òórùn á gún yín nímú, omi á bọ́ lójú yín kẹ́ ẹ tó rí ẹyẹ kan. Pẹ́pẹ́yẹ ti da omi sílẹ̀, sọ́dọ́ọ̀sì ti rin gbindin, ìgbẹ́ ti pò mọ́ ọn, gáàsì amóníà ń jáde lára rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun adìẹ ní irun wínníwínní tó ń gbá ìdọ̀tí àti kòkòrò àrùn jáde. Amóníà ń ba irun yẹn jẹ́. Ti èédú tiẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ: nínú ilé tí atẹ́gùn ò ráyè wọ̀, ó ń tú gáàsì tí kò lóòórùn, tó lè pa ẹyẹ, tó lè pa ẹni tó ń tọ́jú wọn. Tí òkú bá sì sùn láàárọ̀, wọ́n á ní èédú ni ò tó.

Òròmọdìẹ nìkan ni mo yọ sílẹ̀. Kò tíì ní ìyẹ́ gidi, nǹkan bí 32 sí 35°C ló nílò lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ wá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òtútù ń pa ìyẹn lóòótọ́.

Tó bá jẹ́ pẹ́pẹ́yẹ nìkan ló ń kú, tí adìẹ wà pa, ẹ kọ́kọ́ lọ wo oúnjẹ wọn. Kúlíkúlí tàbí àgbàdo tó ti bu ń ní májèlé kan nínú tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, pẹ́pẹ́yẹ ò sì lè fara dà á bí adìẹ. Ṣùgbọ́n bí adìẹ, pẹ́pẹ́yẹ àti gúúsì bá jọ ń kú lójijì, ẹ má tà wọ́n, ẹ má jẹ wọ́n, ẹ pe dókítà ẹranko ìjọba lọ́jọ́ náà. Oṣù Kejì 2006 ni wọ́n kéde àrùn ẹyẹ tí wọ́n ń pè ní bird flu (H5N1) fún ìgbà àkọ́kọ́ ní gbogbo Áfíríkà, ní oko kan ní Jájí, ìpínlẹ̀ Kaduna, níbi tí adìẹ, gúúsì àti ògòǹgò ti jọ wà. Ó tún padà wá ní 2015, ó tún padà ní 2021. Ìyẹn ń mú èèyàn.

Ti lúkúlúkú ní àjẹsára, ẹ̀yìnkùlé wa níbí ni wọ́n sì ti ń ṣe é: NVRI, ilé ìwádìí ìjọba lórí àrùn ẹranko ní Vom, lẹ́bàá Jos, tó ti wà láti 1924. Irú àjẹsára tí wọ́n ń pè ní La Sota ni wọ́n ń pò sínú omi mímu, omi kànga ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ tó ní kòlórìnì, torí kòlórìnì á pa àjẹsára náà. Fún ẹni tó ní adìẹ díẹ̀ lágbàálá, irú tí wọ́n ń pè ní I-2 ló rọrùn jù, torí ooru kì í tètè bà á jẹ́. Ẹ gbé adìẹ sábẹ́ apá, ẹ yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kán ẹ̀kán kan sójú rẹ̀, ẹ má tíì fi í sílẹ̀ àfi tó bá ṣẹ́jú tí ẹ̀kán náà wọlé. Ẹ máa tún un ṣe ní bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Oṣù Kẹwàá ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ó ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Èyí tẹ́ ẹ bá sáré ṣe lẹ́yìn tí ọrùn ti ń lọ́, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ilé ńkọ́? Àríwá ìlà-oòrùn ni atẹ́gùn ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ẹ mọ ògiri síbẹ̀, kẹ́ ẹ fi wáyà tó ní ihò sí ojú kejì kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde. Adìẹ lórí igi ìsùn, ilẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ wọn. Ẹ fún gúúsì àti pẹ́pẹ́yẹ ní ààyè tiwọn lọ́tọ̀, kí omi wọn máa wà níta, nínú abọ́ tó jìn tó kí wọ́n lè ri orí bọ̀ ọ́ láti fọ imú àti ojú; kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbẹ́ adágún. Koríko ti gbẹ lásìkò yìí, ebi koríko sì ń pa gúúsì ju òtútù lọ. Àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ lọ́jà Farin Gada ní Jos ń da ewé kábéèjì ìta nù láràárọ̀, ẹ bẹ̀ wọ́n.

Àkùkọ Kérésìmesì, tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ rà á lọ́jà, kó má dé àárín wọn rárá. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ilé ìdáná nìkan ni àyè wà, ẹ so ó síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa kọ́kọ́ fún àwọn tiyín lóúnjẹ láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.