Ẹ yé fi etí olórin rọ́ọ̀kì ṣeré

Tìbínú-tìbínú ni mo fi délé lálẹ́ àná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Mo lọ wo ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Ọmọ tó ń lùlù fún wọn, tí kò tíì pé ọmọ 20 ọdún, yọ rọ́bà kékeré méjì tí wọ́n fi ń dín ariwo kù lápò, ó kì wọ́n bọ etí kó tó jókòó. Ni ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ bá bú sẹ́rìn-ín: "Orin lo wá ṣe àbí oorun lo wá sùn?" Làwọn tó kù náà bá ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà yọ ọ́ létí, ó rọra tì í sábẹ́ itan.

Gbólóhùn "ariwo ni rọ́ọ̀kì, ẹni tí kò bá lè gbà á kó jókòó sílé" yìí ti sú mi jìnnà.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ti lé ní 20 ọdún tó ti ń ta gìtá rọ́ọ̀kì. Ẹ̀gbẹ́ aro onílù ló máa ń dúró sí, sípíkà ńlá á wà lẹ́yìn rẹ̀. Lóṣù tó kọjá, ara ọmọ rẹ̀ gbóná, mo sì wà níbẹ̀. Ó ki tẹmọ́mítà bọ abíyá ọmọ, ó gbé e mọ́ àyà, a ń retí. Nǹkan náà dún: píì, píì, píì. Kò mira. Ó ń wo ògiri, ó ń rọra gbá ọmọ lẹ́yìn. Mo rò pé ó fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ sí i ni. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Kí ló dé tí nǹkan yìí ò dún?" Ìyàwó rẹ̀ wọlé, kò sọ nǹkan kan, ó yọ tẹmọ́mítà lábíyá ọmọ, ó kà á. Mo rí i lójú obìnrin náà pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ohùn tínínrín ló kọ́kọ́ máa ń lọ. Nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín, àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wẹ́wẹ́ bí 15,000 ló ń gba ohùn fún ọpọlọ. Ariwo àpọ̀jù ló ń pa wọ́n. Ti ẹyẹ máa ń hù padà. Ti èèyàn, ó lọ nìyẹn.

NIOSH, àjọ tó ń wádìí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní kí èèyàn má kọjá wákàtí 8 lójúmọ́ nínú ariwo 85 dẹ́síbẹ̀lì (òun ni wọ́n fi ń wọn ariwo). Bó bá fi 3 lé, kí àkókò náà dín sí ìdajì. Tó bá fi máa dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ló kù. Eré rọ́ọ̀kì wo ló ń parí ní ìṣẹ́jú 15? Ní 1976, wọ́n wọn ariwo ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì The Who ní Lọ́ńdọ̀nù, ó jẹ́ 126 dẹ́síbẹ̀lì, ìwé Guinness tó ń kọ àwọn ohun tó ta yọ lágbàáyé sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Pete Townshend tó ń ta gìtá fún wọn ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé etí òun ń hó. Ẹ rí Brian Johnson, akọrin ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì AC/DC, ní 2016, tí dókítà ní kó dá ìrìn àjò eré dúró kó má baà di adití pátápátá.

Ẹ máa ní Johnson fúnra rẹ̀ ní ìje ọkọ̀ ló ba etí òun jẹ́, àti pé Townshend ní hẹ́ẹ̀dìfóònù sítúdíò ni. Mo gbọ́. Ṣé kì í ṣe ariwo náà ni?

Mo ra rọ́bà etí fún ọ̀rẹ́ mi. Ó lò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé ẹ̀yìn ògiri ni gìtá òun wà. Ó wá sọ ohun kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi: tọ̀sán-tòru letí òun ń hó, ìgbà kan ṣoṣo tí òun kì í gbọ́ ọ ni ìgbà tí òun bá ń ṣeré, tí ariwo bá bò ó mọ́lẹ̀.

Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo fẹ́ padà lọ bá ọmọ onílù yẹn kí àwọn yòókù tó dé. Mi ò tíì mọ ibi tí mo ti máa bẹ̀rẹ̀.