Èsì wa fún oníbàárà tó ní Corolla wa ti wọ́n jù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A ti ka ohun tí ẹ kọ nípa wa, tí ẹ sì fún wa ní ìràwọ̀ méjì: pé Corolla 2010 tí ẹ wá wò ní sítáńdì wa ní Bẹ́gà, lójú ọ̀nà Àpápá sí Òṣòdì, fi ₦800,000 wọ́n ju èyí tí wọ́n fi hàn yín níbòmíràn, àti pé ọmọọṣẹ́ wa ní kí ẹ san àsansílẹ̀ ná, pépà kọ́sítọ́ọ̀mù ń bọ̀.

Ti pépà yẹn, ẹ jàre wa. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín kí ẹ tó fi nọ́ńbà ṣaásì inú pépà wé ti ara ọkọ̀, ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú àti lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni gbogbo rẹ̀, kì í sì í sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ẹ kà á dé ìkẹwàá: lára ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà tàbí Kánádà wá, A ni 2010, 9 ni 2009, 8 ni 2008. Ẹ má fi ojú iná àti bọ́ńpà mọ ọdún ọkọ̀ o. Àwọn kan ń gbé iwájú 2011 lé Corolla 2009 lórí, ó sì ń bá a mu rẹ́gí.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo Amẹ́ríkà ní 4,000 dọ́là, nígbà tí dọ́là kan wà ní nǹkan bí ₦460, kó tó di àárín ọdún 2023, ₦1,840,000 ni. Ní ₦1,500 sí dọ́là, ọkọ̀ yẹn kan náà di ₦6,000,000, a ò sì tíì dárúkọ owó ọkọ̀ ojú omi, ti èbúté àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, tí dọ́là ń gbé sókè bákan náà.

Ẹni tó dín ₦800,000 kù fún yín lè jẹ́ olóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ọkọ̀ ti mumi, ìyẹn ni pé ìkún omi ti bò ó rí. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde pátápátá títí dé ìdí. Ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ máa ń wà, torí pé àwọn tó ń fọ ọkọ̀ kì í dé ibẹ̀. Ẹ wo àwọn bóòtù abẹ́ ìjókòó bóyá wọ́n ti dípẹtà, kí ẹ sì ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè. Ìpẹtà inú wáyà kì í yára hàn. Ó lè tó oṣù mẹ́ta kí iná ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, kó máa kú, tí réwáyà á sì máa gba owó lọ́wọ́ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ti Amẹ́ríkà nìkan, òjò Èkó náà ń rì wọ́n.

Ẹ lọ ní ìdájí, ẹ má sì sọ aago tí ẹ ń bọ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti gbóná, wọ́n ti ṣáná sí i kí ẹ tó dé, ohun tó yẹ kí ẹ gbọ́ sì ti lọ. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ẹ́ńjìnnì ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ fura sí. Èyí tó lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ìrì lásán ni. Kí ẹ tó ṣáná, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON: iná check engine àti ti airbag gbọ́dọ̀ tàn. Èyí tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ mú mẹkáníìkì tó ní scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àléébù ọkọ̀, dání. Bó bá sọ pé ọkọ̀ kò tíì parí àyẹ̀wò ara rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àwọn kóòdù kúrò ni, tàbí kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bátìrì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ fi sí D, kí ẹ fi sí R: bó bá pẹ́ kó tó mú, tàbí tó gbá yín, ẹ fi owó gíà kún owó tí wọ́n pè.

Bí owó yín kò bá tó Corolla, ẹ wo Pontiac Vibe 2009 tàbí 2010 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.8. Ẹ́ńjìnnì Corolla gan-an ló wà nínú rẹ̀, ìbejì Toyota Matrix sì ni, nítorí náà wíwá pààtì rẹ̀ ní ọjà Ládípọ̀ kò ní dà yín láàmú. Orúkọ Pontiac ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa kọjá lára rẹ̀. Fún àwa tó ń tà á, ó ń dùn wá. Fún ẹ̀yin, àǹfààní ni.

Corolla tí ẹ wò ṣì wà níbí, pépà rẹ̀ sì ti wà lórí tábìlì. Táyà iwájú méjèèjì, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ DOT jẹ́ 2317, ìyẹn ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2017. Wọ́n ti gbó, a máa yọ owó wọn. Ẹ mú mẹkáníìkì yín wá ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ tó bá wù yín. A ò ní ṣáná sí i kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá sì ti san owó ti ọ̀hún, ẹ ṣáà fa bẹ́líìtì yẹn wò lónìí.