Bẹ́líìtì kọ́ ló ń tẹ ọrùn mandolíìnì o

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, mo fẹ́ sọ ọ́ jáde lónìí. Ìgbàkígbà tí mo bá gbé mandolíìnì mi síta, ìyẹn ohun èlò orin tó dà bíi gìtá kékeré, ẹnìkan á rí bẹ́líìtì, okùn tí mo so mọ́ orí ẹ̀ láti fi gbé e kọ́rùn, á sì figbe ta: "Bọ̀dá, ẹ máa bà á jẹ́ o, ọrùn ẹ̀ á tẹ̀!" Àwọn tó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ń sọ ọ́, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ń sọ ọ́, kódà káfíńtà àdúgbò wa tí ò fọwọ́ kan mandolíìnì rí láyé ẹ̀ náà ń sọ ọ́. Èmi náà gbà á gbọ́ fún bí ọdún mẹ́ta, ojú mi sì rí nǹkan.

Ìkórè la lọ ṣe ní Ṣómólù. Mi ò so bẹ́líìtì kankan, torí ẹ̀gbọ́n kan nínú ẹgbẹ́ wa ti kìlọ̀ fún mi, mo kàn gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ. Tí èèyàn bá jókòó kò burú, àfi ìgbà tí wọ́n ní ká dìde ká jó lọ síwájú. Onígángan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń jó, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń yí, ìlù ẹ̀ ò kúrò lójú kan torí okùn wà léjìká ẹ̀, èmi ní tèmi fi apá há mandolíìnì mọ́ àyà, mò ń ta á lọ, òógùn ń bọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ sì ń dán bíi dígí, kí n tó mọ̀ ó ti yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi, orí ló fi sọlẹ̀ lórí táìlì. Gbàù! Ó kán síbi tí orí ti pàdé ọrùn. Ọrùn tí mò ń ṣọ́ kó má baà tẹ̀, òun ló wá kán yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Wáyà mẹ́jọ ló wà lórí mandolíìnì, wọ́n tò wọ́n ní méjì méjì, ohùn tí faolíìnì ní náà ni wọ́n ní: G, D, A, E. Wáyà irin ni. Tẹ́ ẹ bá yí gbogbo wọn débi tó yẹ, agbára tí wọ́n jọ fi ń fa ọrùn yẹn tó nǹkan bíi 70 kílò, wáyà tó bá nípọn á tiẹ̀ sún mọ́ 80. Géńdé ọkùnrin kan nìyẹn o, tọ̀sán tòru ló sì ń fà á.

Mandolíìnì fúnra ẹ̀ wá ńkọ́? Mo gbé tèmi lọ sọ́dọ̀ màmá tó ń ta ẹja tútù ní títì wa, mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé e lé òṣùwọ̀n. Wọ́n wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe, wọ́n fi àkísà nu omi ẹja kúrò lójú òṣùwọ̀n, wọ́n gbé e lé e. Kílò kan àti díẹ̀. Màmá ní, "Kò ju Titus mẹ́ta lọ." Àbí Titus mẹ́ta ló fẹ́ tẹ ohun tí 80 kílò ò rí tẹ̀? Ìdí ẹ̀ tún bá a gbé nínú ẹrù yẹn, torí ibẹ̀ ni ìkángun bẹ́líìtì kejì wà. Lóòótọ́ ibi tí bẹ́líìtì ń fà á sí yàtọ̀ síbi tí wáyà ń fà á sí, mo mọ̀, síbẹ̀ ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gìtá, orí ni wọ́n fi ń gbé gbogbo ẹ̀ kọ́ ara ògiri, láti àárọ̀ dalẹ́, oṣù dé oṣù, gìtá sì wúwo ju mandolíìnì lọ dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá yé mi sha. Tẹ́ ẹ bá so okùn mọ́ orí ẹ̀, tẹ́ ẹ wá gbé e gba orí wáyà, okùn yẹn á máa tẹ wáyà láàárín egungun kékeré tó wà lókè ọrùn àti ibi tí wọ́n ti ń yí wáyà. Wáyà tí nǹkan bá ń tẹ̀ níbẹ̀, ohùn ẹ̀ á lọ sókè. Ẹ ti yí i tán nílé, ẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbé bẹ́líìtì kọ́rùn, ohùn ò bá dùùrù mu mọ́, ẹ̀yin náà á ní háà, ọrùn ti tẹ̀! Kò tẹ̀ o. Ẹ tú okùn yẹn, ẹ fà á gba abẹ́ wáyà, wàhálà parí.

Ohun tó ń tẹ ọrùn gan-an ni ooru. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ igi wọ̀nyẹn pọ̀ a máa rọ̀ tí ooru bá ti ń lọ sí 60 digírì, ẹ sì mọ bí inú mọ́tò ṣe máa ń rí tẹ́ ẹ bá páàkì ẹ̀ sínú oòrùn l'Ékòó. Gọ́ọ̀mù ti rọ̀, 70 kílò ṣì ń fà á, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ẹ̀gbọ́n tó kìlọ̀ fún mi yẹn, ọrùn tiwọn tẹ̀ lóòótọ́, bẹ́líìtì ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ inú bọ́ọ̀tù mọ́tò ni mandolíìnì wọn ń gbé láti Sunday dé Sunday.

Àwọn míì tún ní àfi mandolíìnì tó ní ibi tó ká bí ìkarahun ìgbín léjìká lèèyàn lè so bẹ́líìtì mọ́. Irọ́ ni. Orville Gibson, ọkùnrin kan tó ń ṣe mandolíìnì ní Amẹ́ríkà, ló gbé irú ìyẹn jáde ní nǹkan bíi 1900, ẹwà ló wà fún, ó kàn ṣẹlẹ̀ pé okùn ń dúró níbẹ̀ ni. Èyí tí ò ní in, ẹ so ìkángun kan mọ́ bọ́tìnì ìdí ẹ̀, ẹ so ìkejì mọ́ orí. Ohun kan tí mi ò fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé okùn máa ń dí ọwọ́ òsì lọ́wọ́ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ta nítòsí orí, ẹni tíyẹn bá ń bí nínú lè ní kí wọ́n de bọ́tìnì míì mọ́ gìgísẹ̀ ọrùn, ibi tí ọrùn ti wọ ara, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi dírìlì lu ihò tó kéré ju sukúrúù lọ o, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ igi á là. Ẹ má lo bẹ́líìtì rọ́bà olówó pọ́ọ́kú, ó máa ń jẹ fáníṣì, pàápàá tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ lórí ẹ̀ nínú àpótí. Awọ ni tèmi, Múṣín ni mo ti rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà fún oníbàtà, mo wá gé rọ́bà sílípáàsì tó ti já róbótó, mo dá ihò sí i láàárín, mo fi há ìdí bọ́tìnì kí bẹ́líìtì má baà yọ. Ó ti pẹ́, kò yọ rí.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún rí i lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní kí n bá àwọn gé ọ̀kan. Mo ní kò burú sà, ẹ kọ́kọ́ lọ gbé tiyín kúrò nínú bọ́ọ̀tù.