Ẹ Ka Ìwé Àdéhùn Sétí Onílẹ̀ Kí Katakata Tó Wọ Oko

Ẹni tó bá dúró létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, omi tó máa rí dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ní 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun kù sí dẹ̀dẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà. Omi tí àwọn ìyá wa ń bù mu láti fi tọrọ ọmọ! Wúrà tí wọ́n ń wà láìgbàṣẹ nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ohun tó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tí kò gbàṣẹ la máa ń bínú sí jù, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó gbàṣẹ ńkọ́? Òfin ìwakùsà ọdún 2007, abala 116, ní kí ẹni tó gbàṣẹ bá ìlú tó ni ilẹ̀ ṣe àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: iṣẹ́ fún ọmọ ìlú, owó ilé-ìwé, ọ̀nà, omi, ìlera, ìtọ́jú àyíká. Òfin náà dára. Bí wọ́n ṣe ń lò ó ló kù díẹ̀ káàtó.

Báyìí ló sábà máa ń rí. Jíìpù méjì mẹ́ta á yà sáàfin. Wọ́n á kí kábíyèsí, wọ́n á gbé ìwé gbàǹgbà tí wọ́n fi òyìnbó agbẹjọ́rò kọ jáde, àwọn olóyè mélòó kan á fọwọ́ sí i. Àgbẹ̀ tó wà lóko kò gbọ́, àfìgbà tí àwọn àlejò bá ń ka igi kòkó rẹ̀ ní oókan-eéjì, tí wọ́n ń fi ọ̀dà sàmì sí ìdí wọn, tí wọ́n ní kó wá tẹ̀ka. Kòkó tó fi ń rán ọmọ níléèwé lọ́dọọdún, owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ohun tí a ń bèèrè kò le. Kí wọ́n túmọ̀ ìwé àdéhùn sí Yorùbá, kí wọ́n lu agogo yí ìlú ká, kí wọ́n kà á sétí gbogbo èèyàn, ìyálọ́jà, ọ̀dọ́ àti àgbàṣe pàápàá. Kí àwọn tó ni oko wà lára àwọn tó máa fọwọ́ sí i. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i kà.

Kí ilé aṣòfin sì fi iye owó kan tó máa tọ́ sí ìlú sínú òfin ìwakùsà. Òfin epo ọdún 2021 ní kí iléeṣẹ́ epo máa fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná sórí iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó ti ń wa epo. Ìlàjẹ tó ní epo mọ ohun tó tọ́ sí i. Ìjẹ̀ṣà tó ní wúrà ńkọ́? Òfin 2007 kò dá iye kankan.

Àwọn kan á ní èyí á lé olówó sá. Olówó tí àwọn ọ̀dọ́ dí ọ̀nà mọ́ fún oṣù kan ni kí wọ́n bi.

Ẹ̀yin kábíyèsí wa, òfin ìwakùsà 2007 yìí kan náà ní kí wọ́n máa tún àdéhùn yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Èyí tí ẹ fọwọ́ sí ní 2021, 2026 ló pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde láàfin, kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀.