Àtúnṣe: Ìkarahun ìgbín kò mọ 1.618

Ẹ̀gbọ́n tó fi àwòrán ìkarahun ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò wa ní Ṣágámù, ẹ má bínú: kì í ṣe òótọ́ pé 1.618, iye tí wọ́n ń pè ní golden ratio, ni gbogbo ìkarahun ìgbín fi ń lọ́. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, tó ń fẹ̀ ní ìlọ́po 1.618 ní ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kọ̀ọ̀kan, bí ìkarahun bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ì bá fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 6.85. Ẹ mú ìgbín kan lọ́jà, ẹ wò ó dáadáa. Kò súnmọ́ ọn.

Ẹnu ìkarahun nìkan ni ìgbín ti ń fi kún ilé rẹ̀. Bí ẹnu yẹn bá ṣe ń tóbi sí i ni ohun tó ń fi kún un ṣe ń pọ̀ sí i, ẹ̀gbẹ́ kan sì ń gbà ju èkejì lọ. Òun ló ń mú un lọ́. Kò sí awo kankan níbẹ̀! Henry Moseley, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀ láti 1838. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n tirẹ̀. Nautilus, ẹ̀dá oníkarahun inú òkun tó wà nínú àwòrán yẹn gan-an, nǹkan bí ìlọ́po 3 ló ń fẹ̀ ní ìyípo kan.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni wọn ì bá fi ṣe àpẹẹrẹ 1.618. Ẹ ka àwọn ìlà tó yí ara rẹ̀ gòkè: 8, 13 tàbí 21 lẹ sábà máa bá. Ẹ fi 8 pín 13, tàbí kí ẹ fi 13 pín 21: ó súnmọ́ 1.618.